Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Aláṣẹ Ètò Ìlera Ìpínlẹ̀ Ògùn: Nípa Àwọn Ọmọ Wa àti Àwọn Tí Ń Dán Oògùn Wò Lára Wọn

Sí Kọmíṣọ́nnà fún Ètò Ìlera, Òkè-Mosàn, Abẹ́òkúta;
Sí Ìgbìmọ̀ Alákòóso Yunifásítì Olabisi Onabanjo, Àgọ́-Ìwòyè;
Sí àwọn Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Ìjẹ̀bú àti Ogun Waterside.

Ẹ̀yin ẹni ọ̀wọ̀,

Èmi tí mo ń kọ ìwé yìí jẹ́ ọmọ Òkè-Ṣopẹ̀n ní Ìjẹ̀bú-Igbó. N kì í ṣe dókítà, n kò sì wá ipò lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ni wọ́n ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, ọ̀rọ̀ tí mo sì fẹ́ bá yín sọ yìí ti pẹ́ nínú mi ju ohun tí mo tún lè máa gbé mì lọ.

Ìròyìn kan tí ó jáde ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ni ó mú mi gbé gègé. Ní ọjọ́ náà ni ilé-iṣẹ́ Pfizer kéde pé òun ń kó oògùn kan tí ń jẹ́ Oxbryta kúrò lórí àtẹ ní gbogbo ayé. Oògùn àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni, àrùn tí púpọ̀ nínú wa mọ̀ sí SS. Àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà sì ti fọwọ́ sí títà rẹ̀ láti oṣù kọkànlá ọdún 2019. Nígbà tí wọ́n wá ń dán an wò lára àwọn ọmọdé tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé àrùn rọpárọsẹ̀ ń rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lórí wọn, ọmọ 236 ni wọ́n kó jọ: ọmọ mẹ́jọ kú nínú àwọn tí ń lo oògùn náà, méjì sì kú nínú àwọn tí a fún ní èyí tí kò ní agbára kankan nínú, kí a lè fi ìkíní wé ìkejì. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí a ti ṣe ìdánwò yìí, pẹ̀lú Gánà, Kẹ́ńyà, Íjíbítì àti àwọn mìíràn.

N kò sọ pé ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ibi. Ìdí tí a fi ń dán oògùn wò náà ni pé a kò tíì mọ gbogbo ohun tí yóò ṣe, ìdánwò náà gan-an ni ó sì tú àṣírí ewu tí ó wà nínú rẹ̀. Ohun tí ó dùn mí ni ìdákẹ́rọ́rọ́ tí ó tẹ̀ lé e. A kò gbọ́ orúkọ àwọn ọmọ náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sì yẹ kí a gbọ́ ọ, nítorí àṣírí aláìsàn ni. Ṣùgbọ́n a kò gbọ́ àlàyé pẹ̀lú. N kò rí ìwé kan ní èdè Yorùbá, n kò gbọ́ ìkéde kan lórí rédíò ní agbègbè wa, tí ó sọ fún ìyá tí ọmọ rẹ̀ ní àrùn yìí pé irú nǹkan báyìí ṣẹlẹ̀, pé báyìí ni kí ó ṣe bí ẹnikẹ́ni bá wá bá a pé kí ó mú ọmọ rẹ̀ wá fún ìdánwò. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin ni àgbà ọjà yìí.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ ohun tí ẹ ti mọ̀, nítorí àwọn òbí tí yóò bá wa ka ìwé yìí. Láti inú oyún ni ọmọ ti ń gbé fòníkú-fọ̀ladìde wá. Bí bàbá bá jẹ́ AS, tí ìyá náà sì jẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní ni ó ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti mú ọmọ SS wá; bí ọ̀kan bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ wá, kò ní kí èyí tí ó tẹ̀ lé e má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ pupa tí ó yẹ kí ó rí róbótó, kí ó máa yọ̀ kọjá nínú iṣan, a tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́ bí dòjé nígbà tí afẹ́fẹ́ bá dínkù nínú rẹ̀. A dí ojú iṣan, ìrora a sì dé, irú ìrora tí ó ń mú àgbàlagbà sunkún bí ọmọdé. Ẹ̀jẹ̀ tí ó yẹ kí ó lo nǹkan bí 120 ọjọ́ nínú ara kì í lò ju ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta lọ kí ó tó bàjẹ́, ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ kì í fi í tó wọn lára, tí ojú wọn sì máa ń pọ́n. Àwọn baba ńlá wa rí ọmọ báwọ̀nyí, wọ́n sì sọ wọ́n ní Málọmọ́, ní Dúrójayé, ní Kòsọ́kọ́, wọ́n kọ wọ́n ní ilà, wọ́n bẹ̀ wọ́n. Wọ́n sa gbogbo ipá tí ó wà ní ìkáwọ́ wọn. Ní 1910 ni dókítà Amẹ́ríkà kan, James Herrick, ṣàpèjúwe irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìṣègùn fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní 1949 ni Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi ohun tí ó yí padà nínú rẹ̀ hàn. Àwa tí a bí sí ẹ̀yìn wọn kò ní àwáwí tí àwọn baba wa ní.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó kan àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú. Amẹ́ríkà ní òfin kan pé àrùn yòówù tí kò bá ti tó 200,000 ènìyàn tí ó ń bá jà ní ilẹ̀ wọn, àrùn ọ̀wọ́n ni, ẹni tí ó bá sì ṣe oògùn rẹ̀ yóò jẹ àǹfààní púpọ̀, títí kan ọdún méje tí òun nìkan yóò fi máa tà á. Nǹkan bí 100,000 ènìyàn ni fòníkú-fọ̀ladìde ń bá jà níbẹ̀. Nítorí náà, nínú ìwé wọn, àrùn ọ̀wọ́n ni. Lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kọ ọ́ láti 2006 pé nǹkan bí 150,000 ọmọ ni a ń bí pẹ̀lú rẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dọọdún. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn láyé tí ó tó wa. Owó wà lọ́hùn-ún, ọmọ wà níhìn-ín. Láàárín méjèèjì ni ìdánwò oògùn ti ń wáyé, kò sì sí ohun tí yóò dá a dúró. Wọn yóò wá. Ohun tí mo ń béèrè ni bí wọn yóò ṣe bá wa nígbà tí wọ́n bá dé.

Àwọn kan nínú àwọn ará wa wà tí wọn yóò dá a lóhùn kíákíá pé kí a lé wọn padà ní bodè. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló yóò sá, wọn kò sì jẹ̀bi. Gbogbo wa ni a rántí Kánò ní 1996, nígbà tí àrùn lọ́rùnlọ́rùn ń pa àwọn ọmọdé, tí ilé-iṣẹ́ Pfizer yìí kan náà fi oògùn Trovan dán wọn wò: nǹkan bí igba ọmọ ni, ìdajì gba Trovan, ìdajì gba oògùn mìíràn, ọmọ mọ́kànlá sì kú nínú méjèèjì. Àwọn òbí sọ pé wọn kò jẹ́ kí àwọn mọ̀ pé ìdánwò ni. Ìwé tí wọ́n sọ pé ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn fi fọwọ́ sí i, wọ́n padà rí i pé ẹ̀yìn ìgbà náà ni a kọ ọ́. Ọdún 2009 ni ọ̀rọ̀ náà tó parí láàárín ilé-iṣẹ́ náà àti Ìpínlẹ̀ Kánò, pẹ̀lú owó tí ó tó mílíọ̀nù 75 dọ́là. Ọmọ tí ó kú sì ti kú.

Síbẹ̀, bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹ wo oògùn hydroxyurea. Láti 1998 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i fún àwọn àgbàlagbà tí ó ní àrùn yìí, ṣùgbọ́n fún nǹkan bí ogún ọdún ni ẹ̀rù fi ń ba àwọn dókítà láti fi fún ọmọ Áfíríkà, nítorí wọ́n ní ó lè mú kí ibà tètè pa wọ́n. Ta ni yóò sọ bóyá òótọ́ ni bí kò bá ṣe pé a dán an wò níbi tí ẹ̀fọn wà? Nínú ìwádìí REACH, ọmọ 606 ní Àǹgólà, Kóńgò, Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà ni ó lò ó. Nígbà tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní òpin 2018, ó hàn pé ìrora dínkù, ikú dínkù, ibà tí a ń bẹ̀rù náà sì dínkù. Níhìn-ín ní Nàìjíríà, Dókítà Shehu Abdullahi, Dókítà Najibah Galadanci àti Michael DeBaun láti Amẹ́ríkà kó ọmọ 220 jọ ní Kánò àti Kàdúná, wọ́n fi ìwọ̀n kékeré oògùn náà wé ìwọ̀n àárín rẹ̀ fún ìdènà rọpárọsẹ̀, kí a lè mọ èyí tí owó àwọn òbí wa lè ká. Ilé-iṣẹ́ Bond Chemical ní Awẹ́, lẹ́bàá Ọ̀yọ́, sì ń ṣe hóró oògùn náà. Ìyẹn ni mo ń pè ní ìdánwò tí ó yẹ ọmọlúàbí: ìbéèrè tiwa ni a fi bẹ̀rẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ sì kù sílẹ̀ fún wa. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwọn ará òkèèrè ní ẹ̀rọ àti owó, àwa ní àwọn ọmọ tí àrùn náà ń bá jà, kò sì sí ẹni tí ó lè dá a ṣe nínú wa.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹni ọ̀wọ̀, n kò bẹ̀ yín pé kí ẹ lé àwọn olùwádìí. Ẹ̀bẹ̀ mi nìwọ̀nyí.

Èkíní, kí ẹ mọ àwọn ọmọ wọ̀nyí láti ọjọ́ tí a bí wọn. Èyí ni mo kà sí pàtàkì jù lọ, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara balẹ̀ bá mi gbọ́ ọ.

Mo mọ ìyá kan ní agbègbè etí omi Ogun Waterside tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́jọ nígbà tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ wú. Ọmọ náà kò lè pa ìka dé. Bí a bá fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ báyìí, ìbòsí ni. Wọ́n ní eyín ni ó ń yọ. Ìyá àgbà fi àdí àti òrí pa á, ó fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ìwú náà lọ fúnra rẹ̀, wọ́n dúpẹ́. Ó tún wú lóṣù mélòó kan sí i, wọ́n ní ọwọ́ ayé ni. Ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n gbé e gun ọ̀kadà, wọ́n sì fún un ní oògùn ibà níbi tí wọ́n gbé e dé. Ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́rin kí ẹnikẹ́ni tó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti wo jẹ́nótáìpù. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tí ń wú lára ọmọ ọwọ́ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àmì tí àrùn yìí kọ́kọ́ máa ń fi hàn, ó wà nínú ìwé tí gbogbo nọ́ọ̀sì kà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó béèrè, nítorí kò sí ẹni tí ó pàṣẹ pé kí a máa béèrè.

Ẹ fi èyí wé ọmọ Ìjẹ̀bú tí a bí ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò tíì lò ju ọjọ́ márùn-ún lọ láyé tí agbẹ̀bí yóò ti gún un ní gìgísẹ̀ pín-ín, tí yóò kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sórí bébà kan tí wọn yóò fi ránṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ SS, kí ó tó pé oṣù mẹ́ta wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní pẹnisílìnì lójoojúmọ́, kí kòkòrò àrùn má baà wọlé sí i lára. Ọdún 2006 ni àyẹ̀wò yìí ti kárí gbogbo ọmọ tuntun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti funfun ti dúdú. Ẹ má sì ní òyìnbó ni wọ́n. Ní Kùmásí ní Gánà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Kwaku Ohene-Frempong ti bẹ̀rẹ̀ irú àyẹ̀wò yìí láti àárín àwọn ọdún 1990. Bébà náà kò wúwo, kò nílò yìnyín, a lè fi í sínú àpò ìwé láti Àyílà dé ibikíbi tí ẹ̀rọ bá wà. Mo bẹ̀ yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní àwọn ilé ìgbẹ̀bí Àgọ́-Ìwòyè, àti ní gbogbo ibùdó ìlera tí ó wà ní Àbígí, Ìbíadé àti Ìwópin. Ẹ má sì gbàgbé àwọn ìyá agbẹ̀bí inú ìjọ àti ti ìbílẹ̀, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni púpọ̀ nínú àwọn obìnrin wa ń bí sí.

Kí ni èyí ní í ṣe pẹ̀lú ìdánwò oògùn? Ohun gbogbo ni. Ọmọ tí ìjọba kò mọ̀, olùdánwò ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ìyá tí ó sì jẹ́ pé ọwọ́ àjèjì ni ó ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ àrùn ọmọ rẹ̀, tí ó jẹ́ pé àjèjì náà ni ó kọ́kọ́ fún ọmọ rẹ̀ ní oògùn lọ́fẹ̀ẹ́, irú rẹ̀ kò ní ẹnu láti kọ̀. Ẹni tí kò ní ibòmíràn tí yóò lọ kò tíì gbà. A mú un ni. Bí pẹnisílìnì, oògùn ìdènà ibà, fólíkì ásíìdì àti hydroxyurea bá ti wà ní àrọ́wọ́tó ìyá náà kí olùdánwò tó dé, nígbà náà ni bẹ́ẹ̀ ni rẹ̀ yóò jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, tí rárá rẹ̀ yóò sì jẹ́ rárá.

Èkejì, kí Yunifásítì Olabisi Onabanjo jẹ́ olùtọ́jú ìwé orúkọ àwọn ọmọ wọ̀nyí. Láti 1982 tí a ti dá a sílẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè ni àwọn ará wa ti ń yọ̀ lórí rẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn rẹ̀ àti ilé ìwòsàn ńlá rẹ̀ wà ní Ṣágámù, àwọn ọmọ wa sì ń gba oyè dókítà níbẹ̀ lọ́dọọdún. Ilẹ̀ tí ó gba irú ilé ẹ̀kọ́ yìí lálejò tọ́ sí i pé kí ìwé tí a fi ń mọ iye ọmọ SS tí ń bẹ ní ẹkùn rẹ̀, ọjọ́ orí wọn, oògùn tí wọ́n ń lò àti ohun tí ó pa wọ́n bí wọ́n bá kú, wà ní ìpamọ́ níbẹ̀, lábẹ́ àgádágodo, kí ó má sì ṣe é tà fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kẹta, kí ìyọ̀ǹda òbí jẹ́ ìyọ̀ǹda ní tòótọ́. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 là á sílẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ ṣe ìwádìí lára ènìyàn láìjẹ́ pé a ti ṣàlàyé ohun tí a ń wá àti ohun tí ó lè ti ibẹ̀ bá ara rẹ̀, kí ó sì ti fọwọ́ sí i nínú ìwé. Òfin wà; ojú mi ni ó rí ohun tí a ń ṣe. Ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ, mo jókòó ti obìnrin kan tí a kó ìwé Gẹ̀ẹ́sì fún, ìwé tí ó nípọn tó ìwé orin, tí ọmọdékùnrin tí ó gbé e wá sì ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, “Mama, ẹ kàn tẹ̀ ẹ́ síbí.” Obìnrin náà bi í pé kí ni ó wà nínú rẹ̀, ó ní kò sí nǹkan, àwọn dókítà ni ó nílò rẹ̀. Ìyá náà na àtàǹpàkò. Ìwádìí ẹ̀jẹ̀ lásán ni ti ọjọ́ náà, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó tẹ ti òní láìbéèrè, òun náà ni yóò tẹ ti ọ̀la.

Mo fẹ́ kí ẹ pàṣẹ pé ìwádìí yòówù tí yóò wọ Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè tàbí Ogun Waterside gbọ́dọ̀ ní ìwé àlàyé ní Yorùbá tí ó já gaara, kí a kà á sétí òbí ní èdè ilé rẹ̀, ìbáà ṣe Ìjẹ̀bú tàbí Ìlàjẹ. Kí ó gbé e lọ sílé, kí ó sùn lé e lórí, kí ó bi ọkọ rẹ̀, ìyá rẹ̀ àti ẹni tí ó bá wù ú. Kí a sọ fún un láìfi bọpo bọyọ̀ pé ọmọ rẹ̀ lè bọ́ sí apá àwọn tí a kò fún ní ojúlówó oògùn, pé ó lè yọ ọmọ rẹ̀ nígbàkígbà, a kò sì ní torí rẹ̀ lé e kúrò ní kíníkì. Kí àwọn ará ìlú méjì ó kéré tán, tí wọn kì í ṣe dókítà, tí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ òbí ọmọ SS, máa jókòó nínú ìgbìmọ̀ tí ń yẹ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ wò. Bí ọmọ kan bá sì kú nínú ìdánwò, kí a sọ ọ́ fún gbogbo òbí tí ọmọ wọn wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ọ láti òkèèrè.

Ẹ̀kẹrin, kí ohun tí ó bá ti ara àwọn ọmọ wa jáde padà sọ́dọ̀ wọn. Gbà mí lójò kí n gbà ọ́ lẹ́ẹ̀rùn ni àwọn ará wa ń wí. Ìkéde Helsinki tí àwọn dókítà àgbáyé fi ṣe òfin ara wọn láti 1964 pàápàá sọ pé kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀ ni kí a ti ṣètò bí àwọn tí ó kópa yóò ṣe máa rí oògùn tí ó bá ràn wọ́n lọ́wọ́ gbà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wo ìtọ́jú tuntun tí wọ́n ń pè ní Casgevy, tí ó ń mú kí ara tún máa ṣe irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ máa ń ní nínú oyún. Ní 2019 ni Victoria Gray, obìnrin ará Mississippi, di ẹni àkọ́kọ́ tí a fi ọ̀nà yìí tọ́jú àrùn náà lára rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí i ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, Amẹ́ríkà ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún un. Iye rẹ̀ fún ẹnìkan ṣoṣo ní Amẹ́ríkà sì jẹ́ mílíọ̀nù méjì àti igba ẹgbẹ̀rún dọ́là. Àgbẹ̀ kòkó wo ní Jàparà, apẹja wo ní Mákùn-Omi, ni yóò ta oko tàbí àwọ̀n tí yóò fi san án?

Kì í sì í ṣe oògùn òkèèrè nìkan ni a ti ń pàdánù. Ní 1971, ní Yunifásítì Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Abayomi Sofowora àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Isaacs tẹ̀ ẹ́ jáde pé omi gbòǹgbò igi àtà, orín àtà yìí náà tí àwọn bàbá wa ń jẹ ní òwúrọ̀ tí ó ń ta ahọ́n, lè mú kí ẹ̀jẹ̀ tí ó ti tẹ̀ padà sí bí ó ṣe yẹ kí ó rí. Lẹ́yìn náà, ìwé àgbo tí Rẹ́fáréndì P. O. Ogunyale gbé kalẹ̀, tí ìyèré, igi osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà wà nínú rẹ̀, ni àjọ ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Wambebe. Wọ́n dán an wò lára ènìyàn 82, ó sì dín ìrora wọn kù. Wọ́n sọ ọ́ ní Niprisan. Wọ́n gbé e lé ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Xechem lọ́wọ́, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 2006 ní orúkọ Nicosan. Nígbà tí yóò fi di 2008, Xechem ti wọ gbèsè, oògùn náà sì wọ́n lórí àtẹ ju ojú lọ. Ewé wa ni, ọgbọ́n wa ni, ẹ̀jẹ̀ àwọn ará wa ni a fi yẹ̀ ẹ́ wò. Síbẹ̀ nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan ṣubú ní ìdàkejì òkun, àwọn aláìsàn wa ni ó bá a ṣubú. Ẹ má ṣe fọwọ́ sí àdéhùn kankan mọ́ tí kò kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí oògùn náà bá ṣiṣẹ́, ta ni yóò máa ṣe é, níbo, èló ni yóò jẹ́ fún ọmọ ilẹ̀ yìí, kí ni yóò sì ṣẹlẹ̀ bí ilé-iṣẹ́ náà bá kógbá wọlé.

Ẹ̀karùn-ún kò gùn. Ẹ fún Ogun Waterside ní kíníkì SS, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo lóṣù, kí dókítà wá láti Ṣágámù wá bá wọn ní Àbígí. Ẹni tí ìrora mú ní òru lórí omi kò lè dúró de mọ́tò tí yóò gbé e dé Ìjẹ̀bú-Òde.

Mo mọ̀ pé ẹ ó sọ pé owó kò sí. N kò ní jiyàn pé owó pọ̀. Ṣùgbọ́n bébà tí a kán ẹ̀jẹ̀ sí àti pẹnisílìnì ọmọdé kì í ṣe ohun tí ó ń sọ ìpínlẹ̀ di akúṣẹ̀ẹ́, a sì ń rí owó fún ohun tí ó tóbi jù wọ́n lọ lójoojúmọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, mo sì fẹ́ kí ẹ gbà á gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ọmọ sí bàbá, tí kò fi bẹ́ẹ̀ mú òótọ́ inú rẹ̀ kúrò. Àwọn òbí ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sọ̀rọ̀, láti Àtìkòrì dé Ojowò, láti Àgọ́-Ìwòyè dé etí omi. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá láti ọjọ́ tí ìwé yìí bá jáde, tí a kò rí ìdáhùn, a ó kọ̀wé sí àjọ NAFDAC àti sí ìgbìmọ̀ orílẹ̀-èdè tí ń bójú tó ìwà ẹ̀tọ́ nínú ìwádìí ìlera. A ó sì máa lọ láti ọjà dé ọjà, láti ṣọ́ọ̀ṣì dé mọ́sálásí, tí a ó máa sọ fún gbogbo ìyá pé kí wọ́n má ṣe fi àtàǹpàkò tẹ ìwé ìwádìí kankan, èyí tí ó dára àti èyí tí kò dára, títí ẹ ó fi dá wa lóhùn. N kò fẹ́ kí ó dé ibẹ̀. Mo mọ̀ pé ìdánwò rere lè bá a lọ, pé ọmọ tí ì bá rí ìrànwọ́ níbẹ̀ lè jìyà rẹ̀. Ẹ̀rù ìyẹn gan-an ni ó sì mú mi kọ̀wé sí yín kí n tó bá àwọn ìyá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá di pé a kò mọ èyí tí yóò tọ́jú ọmọ wa yàtọ̀ sí èyí tí yóò fi í ṣòfò, gbogbo rẹ̀ ni a ó kọ̀.

Mo ń retí ìdáhùn yín ní gbangba, bí mo ti kọ tèmi ní gbangba.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀,

Ọmọ Òkè-Ṣopẹ̀n kan,
Ìjẹ̀bú-Igbó.